Agbẹjọ́rò Lórí Àga Mínísítà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni a mú wá. A mọ̀ pé àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí a bá dárúkọ rẹ̀ láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán ná.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni a bí i sí ní 1910. Ó ṣe olùkọ́ ní Baptist Academy ní Èkó, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, ó sì kọjá sí ìlú Òyìnbó ní 1946, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí bínú.

Ní 1952 Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nínú ìjọba àpapọ̀. Olóyè Bọ́dé Thomas, Balógun Ọ̀yọ́, tí òun náà jẹ́ agbẹjọ́rò, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro dá àbá pé kí a gba ìjọba ara wa ní 1956. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má dá sí i. Owó oṣù ń bẹ níbẹ̀, ọlá ń bẹ níbẹ̀. Àwọn mínísítà Ọlọ́pẹ fi ipò sílẹ̀, wọ́n jáde. Ìwà yẹn ni àwa kà sí ògo rẹ̀ jùlọ.

Balógun kú nínú oṣù kọkànlá ọdún náà. Akíntọ́lá di igbákejì Olóyè Awólọ́wọ̀. Ó tún ṣe mínísítà ní 1957, ó sì di Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959.

Ní oṣù karùn-ún 1962, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́, ó fi Alhaji Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kò jáde. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ: nínú ilé wo ni a ti dìbò yọ òun? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Èkó dá a láre. A kò ní purọ́ mọ́ ọn: ìbéèrè gidi ni, àwa náà ì bá bi í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 1963 pé ìwé náà tó, ìjọba rẹ̀ yí òfin padà, wọ́n sì ti ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn dé 1960, kí ìdájọ́ náà lè di asán. Èyí ni a kò lè gbà. Àgbẹ̀ tí ó pàdánù ẹjọ́ ilẹ̀ kò lè yí òfin padà láti fi gba ilẹ̀ náà.

Ní 1964 Aláàfin fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè tí Tóyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti jẹ rí. Ìdìbò 1965 dá ilé sísun sílẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 15 January 1966 àwọn sójà pa á ní Ìbàdàn, ìjọba sójà tí ó dé sì fagi lé ipò Pírẹ́míà fúnra rẹ̀.