Ta ni ojú ìwé àṣìṣe ń bá sọ̀rọ̀?



Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà ayélujára mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni orúkọ wọn. Láti Liberia títí dé Nàìjíríà, ayélujára ń wọ́ bí ìgbín, níbòmíràn kò tilẹ̀ sí rárá, iṣẹ́ sì dẹnukọlẹ̀ ní àwọn báǹkì kan. Ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ yóò tẹ bọ́tìnì, yóò dúró títí, ohun tí yóò sì rí kò ju gbólóhùn kan lọ: àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Ṣé fóònù ló bàjẹ́ ni? Ṣé dátà ló tán? Ṣé báǹkì ni? Ṣé owó ti kúrò àbí kò tíì kúrò? Gbólóhùn náà kò sọ.

Ohun tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí nìyẹn, ojú ìwé tó máa ń jáde nígbà tí nǹkan bá dàrú lórí ayélujára. Ó jọ ohun kékeré. Síbẹ̀ òun ló ti ṣílẹ̀kùn fún olè ní ilé-iṣẹ́ ńlá, òun náà ló sì lè mú kí èèyàn san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó ti ń wá

Bí ẹni tó ń kọ́lé ṣe máa ń ra búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti mọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ ojú òpó ayélujára máa ń mú àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀. Framework ni wọ́n ń pè é. Django wà lára wọn, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fi lé aráyé lọ́wọ́ ní 2005. Laravel tí Taylor Otwell gbé jáde ní 2011 náà wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ní Nàìjíríà ló sì ń lò ó.

Tí kóòdù bá kọsẹ̀, framework ló máa ń gbá a mú. Tí wọ́n bá tan ohun tí wọ́n ń pè ní debug, àlàyé ni yóò kún ojú ìwé tó máa jáde: orúkọ àṣìṣe náà, fáìlì tó ti ṣẹlẹ̀, ìlà tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀nà tí kóòdù gbà kó tó débẹ̀, àti ohun tó gbé lọ́wọ́ lásìkò náà, bóyá orúkọ oníbàárà, bóyá nọ́ḿbà àkáǹtì. Kí irú èyí tó wà, ẹni tó ń kọ PHP lè rí ojú ìwé funfun báláú tí ohunkóhun kò sí lórí rẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru lórí jẹnẹrétọ̀, tó fẹ́ parí kí epo tó tán, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ìwé funfun àti èyí tó tọ́ka sí ìlà 42 gan-an kì í ṣe kékeré.

Ní 2019, Laravel tún gbé e ga sí i. Ẹ̀dà 6 rẹ̀ jáde pẹ̀lú ojú ìwé àṣìṣe tuntun tó ń jẹ́ Ignition, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Spatie ní Belgium àti Beyond Code. Ignition kì í kàn sọ ibi tó bàjẹ́, ó máa ń dámọ̀ràn àtúnṣe. Ẹ ṣi orúkọ kan tẹ̀, yóò bi yín bóyá báyìí lẹ fẹ́ kọ ọ́. Fún àwọn àṣìṣe kan, bọ́tìnì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò bá yín tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, oríyìn sì tọ́ sí àwọn tó ṣe é.

Àmọ́ bọ́tìnì kò mọ ẹni tó ń tẹ òun.

Nígbà tí òǹkàwé yí padà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àṣírí ihò kan tú lára àwọn ẹ̀dà Ignition tó ṣáájú 2.5.2. Tí debug bá ṣì wà ní títàn lórí ojú òpó tó ti wà níta, àjèjì lè fi ọgbọ́n lo bọ́tìnì àtúnṣe yẹn láti pàṣẹ fún server, láì ní pásíwọ́ọ̀dù kankan. CVE-2021-3129 ni nọ́ḿbà tí wọ́n fún un. Wọ́n ti dí ihò náà. Ṣùgbọ́n ojú òpó tí ẹni tó kọ́ ọ ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ti bá tirẹ̀ lọ, ta ni yóò bá a gbé ẹ̀dà tuntun wọlé?

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Patreon ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn máa ń tipasẹ̀ rẹ̀ fowó ran olórin àti òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2015, ó kéde pé àwọn kan ti jí dátà àwọn oníbàárà òun, ẹ̀dà ojú òpó òun tó ní debug, tó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ni wọ́n gbà wọlé. Àdírẹ́sì ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló jáde síta. Detectify, ilé-iṣẹ́ aláàbò kan ní Sweden, sọ pé ojú ìwé àṣìṣe Werkzeug ni. Werkzeug yìí, tí Flask ń lò, ní àyè kan téèyàn lè kọ kóòdù sí, kí server sì ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tó ni Werkzeug ti fi PIN ti àyè náà.

Django ní tirẹ̀ máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tí orúkọ ìṣètò kan bá ní KEY, PASS, SECRET tàbí TOKEN nínú, ìràwọ̀ ni yóò fi rọ́pò ohun tó wà níbẹ̀. Ó dáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Ẹni tó bá pe tirẹ̀ ní ASIRI_BANKI, gbangba ni àṣírí rẹ̀ yóò wà.

Ti oníbàárà ńkọ́?

Tí wọ́n bá ti pa debug, àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà oníbàárà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ò ju "500 Internal Server Error" lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá oníṣòwò kan ní Kano fẹ́ sanwó ọjà. Àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀ kí owó tó kúrò. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò. Ó sì lè jẹ́ pé server fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó já sí. Ojú ìwé kan náà kò lè dáhùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún àkọ́kọ́: "Owó yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún gbìyànjú." Fún ìkejì: "Owó ti lọ, ẹ má san òmíràn." Ìkẹta ló le jù, òótọ́ ibẹ̀ náà sì ni kí wọ́n sọ: "A kò tíì mọ̀ bóyá owó ti lọ. Ẹ má tún tẹ̀ ẹ́, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín." Lábẹ́lẹ̀, kí kóòdù ti fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ìyá náà bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni owó yóò kúrò.

Kí nọ́ḿbà ìtọ́kasí kan wà lójú ìwé náà, kí nọ́ḿbà yẹn kan náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe tí server ń tọ́jú. Òun ni ẹni tó ń ṣe àtúnṣe yóò fi rí gbogbo àlàyé tí wọn ò jẹ́ kí aráyé rí. Kó kúrú o! Orí fóònù ni wọn yóò ti kà á fún òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, nínú ariwo ọjà, nítorí náà kí òdo àti lẹ́tà O má ṣe jọ wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé náà kò sì gbọdọ̀ lọ béèrè ohunkóhun níbi ìpamọ́ dátà, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ NDPC létí, tí dátà bá jò tó sì lè ṣàkóbá fún àwọn tó ni ín. Ghana ti ní òfin tirẹ̀ láti 2012.

Ẹ̀yin tó ń lo Django, ẹ fi àṣẹ check --deploy yẹ ojú òpó yín wò kó tó jáde, yóò kìlọ̀ fún yín tí DEBUG bá ṣì wà ní True. Ẹ̀yin onílaravel, inú fáìlì .env ni kẹ́ ẹ wò, kí APP_DEBUG jẹ́ false. Tó bá ti wà níta, ẹ kọ àdírẹ́sì tí kò sí, bíi /ewure, kẹ́ ẹ wo ohun tí yóò jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba ibi ìsanwó jẹ́ lórí ẹ̀dà ìdánwò, ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá owó ti lọ àbí kò tíì lọ.