Ẹja Etí Òkun Nígbà Ọyẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àbújá)

Alàgá wa, ẹ̀yin àgbà ìjókòó, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn bí ẹni tí ó fẹ́ sá lọ, a kí yín. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ kú ètè gbígbẹ, ẹ kú eruku.

Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, nígbà tí àwọn ìyá wa ń ráhùn nípa iye tí wọ́n ń ta ẹja dídì ní ọjà Wuse àti ti Kubwa, bàbá kan yíjú sí àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ọmọ etí òkun Ìlàjẹ, ó ní, "Ẹ̀yin tí a bí sínú ọkọ̀, ẹ kò ha lè sọ fún wa ibi tí ẹja ń gbé nígbà ọyẹ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá níhìn-ín ni yóò bá wa relé ní ọdún Kérésì, tí wọn yóò sì fẹ́ wọ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ àjẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọrogùn. Nítorí náà ni akọ̀wé ṣe ní kí a wá sọ ohun tí a mọ̀.

Atẹ́gùn kan náà tí ń da eruku bo Àpáta Aso lójú wa ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń bọ̀. Ó gba Kánò kọjá, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kí ó tó dé etí omi. Àwọn òyìnbó a máa sọ pé nígbà òtútù tiwọn, ọ̀pọ̀ ẹja a fi etí òkun sílẹ̀ lọ sí ibú. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀kọ́ yẹn wá sí ilé. Ọyẹ́ a máa mú ara wa tutù, ṣùgbọ́n kì í mú òkun wa tutù tó bẹ́ẹ̀; àárín òjò, ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ni omi etí òkun wa tutù jù lọ. Ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe fún apẹja ni pé ìgbì a rọlẹ̀. Ìgbì ńláńlá tí ń fọ́ sí etíkun wa, gúúsù jíjìn réré ni ìjì ti ń rán an wá, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án sì ni ìjì náà máa ń le jù níbẹ̀, nítorí ìgbà òtútù tiwọn nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ tiwa, ara ti tu ọ̀dọ̀ tiwọn, ọkọ̀ kékeré a sì lè jáde kí ó sì padà láìdojúdé.

Iyọ̀ náà a sì máa wọ inú ọ̀sà. Ẹ wo Ọ̀sà Èkó. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a da omi sínú rẹ̀ títí iyọ̀ rẹ̀ a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a fà, omi òkun a sì gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté Èkó wọlé, àwọn ọmọ ẹja àgbọ̀dọ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ́ńgà, a sì tẹ̀lé e wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń lọ sí apá Ẹ̀pẹ́ ni iyọ̀ ń dín kù, Ọ̀sà Lẹ́kkí sì jẹ́ omi dídùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹja òkun dé, kí ó ti ìka bọ omi kí ó tọ́ ọ wò. A kò ní kí ẹ mu omi Èkó o. Orí ahọ́n lásán ni, kí ẹ sì tutọ́ rẹ̀ dànù.

Ní ẹ̀bá òkun gan-an, ojú ni a fi ń wá ẹja kí a tó ju àwọ̀n. Ibi tí omi odò tí ó pọ́n ti pàdé omi òkun tí ó mọ́, ìlà ìfófòó kan a máa wà níbẹ̀, koríko àti igi wẹ́wẹ́ a kó jọ sí i. Oúnjẹ kó jọ síbẹ̀, ẹja kéékèèké tẹ̀lé oúnjẹ, ẹja ńlá tẹ̀lé ẹja kéékèèké. Ẹ tún wo ojú ọ̀run. Àwọn ẹyẹ òkun funfun kan wà tí ìrù wọn là sí méjì bí àlùmọ́gàjí. Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń pọ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ni. Àtìpó bí tiwa ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń já lu omi léraléra ní ojú kan, ẹ rọra wa ọkọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe gba àárín wọn kọjá. Bí wọn kò bá já lu omi, tí wọ́n kàn ń wo yín, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ní alẹ́ tí òṣùpá kò sí, ọ̀wọ́ ẹja a máa tan iná nínú omi. Kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn. Ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú òkun ni ó ń tàn nígbà tí ẹja bá rú omi. Ní ti ẹja tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kírókà, isàlẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ní ìtòsí ẹnu odò ni ó fẹ́ràn, a sì máa dún. Àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń lù bí ìlù. Àwọn apẹja kan ní Gánà a máa ki àjẹ̀ bọ omi, wọn a fi etí lé ọwọ́ rẹ̀, wọn a sì gbọ́ ibi tí ìlù náà ti ń wá. A ti dán an wò. Ẹnì kan nínú wa gbọ́ ọ. Àwa ìyókù, ariwo inú ikùn ara wa ni a gbọ́.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn jù gbogbo èyí lọ. Wọn a mú igi àgbọn kan lẹ́yìn òrùlé kan, wọn a tún mú òmíràn ní apá kejì, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni wọn a sọ ìdákọ̀ró sí, ẹja kì í sì í tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wa. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé apá púpọ̀ níbẹ̀ lọ. Òrùlé àti igi àgbọn tí wọ́n fi hàn wá ní kékeré, inú omi ni wọ́n wà báyìí. Èyí tí ó sì ṣẹ́ kù, ọyẹ́ a máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ibí ni a fẹ́ dúró díẹ̀ sí, nítorí ohun tí ó mú wa gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí nìyí.

Ní oṣù Kìíní ọdún kan tí kò tíì jìnnà, a jáde láti abúlé wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Atẹ́gùn ilẹ̀ ń fẹ́ sí wa lẹ́yìn. A rí ẹyẹ, a rí ìlà ìfófòó, a pa kírókà tí ó kún apẹ̀rẹ̀ méjì. Nígbà tí a gbé orí sókè, ilẹ̀ ti pòórá. Ibi gbogbo funfun bí omi ẹ̀kọ, oòrùn rí bí àwo. Fóònù tí a gbójú lé ti kú. A kò sì fẹ́ rìn káàkiri, nítorí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n. Òfin ọdún 1992 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ pẹja nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà 9, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sùn lórí omi rí mọ ibi tí iná wọn máa ń wà lóru.

Ẹnì kan nínú wa, tí ìwé rẹ̀ pọ̀ jù, sọ pé nígbà tí a ń jáde, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn wà. Nítorí náà kí a kọjú sí atẹ́gùn, a ó délé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ní etí. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà náà. A tan ẹ̀rọ, a kọjú sí atẹ́gùn, a sáré fún ìgbà pípẹ́. Bàbá àgbàlagbà tí ó jókòó ní ìdí ọkọ̀, tí kò tíì fọhùn, ní kí a pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ wo omi." A wò ó. Ìgbì gígùn tí ń wú láìfọ́ ń bọ̀ láti iwájú wa. Ó ní, "Atẹ́gùn a máa yí padà lọ́sàn-án, ìgbì yìí kì í yí. Ibú ni ó ti ń wá, ilẹ̀ ni ó ń lọ. Ibú ni ẹ ń gbé wa lọ."

Òtítọ́ ni. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn òkun a wọlé, ti àárọ̀ a sì dákẹ́. A yí ọkọ̀, a fi ìgbì sí ẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀pá wa fi ọwọ́ kan ẹrẹ̀, epo tí ó kù nínú ẹ̀rọ kò kún ìgò ọtí kan.

Ọmọ ọdún 15 kan wà nínú ọkọ̀ náà. Kò mọ omi wẹ̀. Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, ẹyọ kan ni ó wà nínú ọkọ̀, orí rẹ̀ sì ni àwa àgbà jókòó lé bí ìrọ̀rí. Ìyá ọmọ náà jókòó sí àárín yín níhìn-ín. Ẹja ni a gbé fún un nígbà tí a dé. A kò sọ ìyókù fún un títí di òní. Màmá, ẹ dárí jì wá.

Alàgá, ohun tí a ń bẹ ilé yìí ni pé kí a mú díẹ̀ nínú owó àpò ẹgbẹ́, kí a fi ra ẹ̀wù ìléfòó mẹ́wàá, kí wọ́n wà lọ́wọ́ akápò, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń mú ọmọ relé sí etí omi máa yá a, kí ó sì dá a padà. Àwa mẹ́rin yóò san owó mẹ́rin àkọ́kọ́. Kí a jọ̀wọ́ gbọ́ ohun tí ilé yóò sọ kí a tó pín ẹja yíyan tí ó wà lórí tábìlì yẹn.