Kónílé-ó-gbélé: Ǹjẹ́ Èrè Rẹ̀ Tó Òfò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Àgùdà, Sùúrùlérè



Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi ni èyí: nígbà tí ìjọba sé ènìyàn mọ́lé ní ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ǹjẹ́ èrè tí a rí tó òfò tí a jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ọdún 2014. Ní oṣù July ọdún náà ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ẹ̀bólà ti Làìbéríà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn. Obìnrin náà sì fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ ènìyàn bí 900 tí wọ́n ti súnmọ́ àwọn aláìsàn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn kú. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 20 oṣù October, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. A kò sé gbogbo ìlú mọ́lé.

Èéṣe tí a kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020? Ẹni tí Ẹ̀bólà mú kì í kó o ran ẹlòmíràn àfi bí àmì rẹ̀ bá ti hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kòrónà lè máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa kó o ran ènìyàn láìmọ̀. Nítorí náà n kò bá wọn sọ pé asán ni òfin náà. Ó fún àwọn dókítà ní àyè láti múra sílẹ̀. Àní a sọ pápá ìṣeré Oníkàn di ibi ìtọ́jú aláìsàn.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù March títí di ọjọ́ 4 oṣù May ni a fi jókòó sílé. Èmi tí mò ń gba owó oṣù, mo jẹun. Aládùúgbò mi kan tí ń dín àkàrà, owó òní ni ó fi ń ra ẹ̀wà ọ̀la. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti jẹ owó òwò rẹ̀ tán. Ìjọba Èkó kéde oúnjẹ fún agbo ilé 200,000, ṣùgbọ́n ní ìlú tí a ń fi mílíọ̀nù ka ènìyàn rẹ̀, kò lè kárí. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí, ọmọbìnrin rẹ̀ tí mo ń kọ́ kò padà wá. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó ti ń kiri ọjà.

Èrò mi nìyí: èrè òfin bẹ́ẹ̀ tó òfò rẹ̀ bí ó bá kúrú, tí oúnjẹ sì ṣáájú rẹ̀ dé ilé tálákà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé aláìní ni a fi ṣe ètùtù fún ẹni tí ó ní.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn agbo ilé tí ń jẹ òógùn òòjọ́ sílẹ̀, láti òpópó Adétọ́lá dé Ẹnítàn. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun sì bá wa dá owó sínú àpò kan lọ́dọọdún, nísinsìnyí tí ara le. Àrùn kì í dá ọjọ́ kí ó tó dé.