Ilẹ̀ Wa àti Òwò Wa: Ọ̀rọ̀ tí a Sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé: kí ni a ó fi ilẹ̀ wa ṣe?

Ọ̀pẹ, kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí i, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń ta epo pupa sí òkèèrè tó Nàìjíríà. Lónìí, Indonéṣíà àti Málẹ́síà ni wọ́n wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni igi ọ̀pẹ mẹ́rin tí a kó láti ilẹ̀ òkèèrè, tí a gbìn sí Bogor ní erékùṣù Java ní 1848, ni púpọ̀ nínú ọ̀pẹ wọn ti ṣẹ̀. Wọn kò dúró lórí títa epo nìkan. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń fọ epo mọ́, wọ́n sì ń fi í ṣe ọṣẹ. Àwa ń ta epo wa lójú kan náà tí a ti fún un.

Àwọn baba wa ní Ìwọ̀-Oòrùn ti fi ọ̀nà hàn wá. Wọn kò jẹ owó kòkó tán. Wọ́n fi nínú rẹ̀ kọ́ Ilé Kòkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó parí ní 1965, tí àwọn oníṣòwò ń yá yàrá rẹ̀ ṣe ọ́fíìsì. Owó oko di ilé, ilé sì tún ń pa owó.

Ní Òkìtìpupa, ayálégbé kò jìnnà. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 2008, tí ó ń jẹ́ orúkọ olóògbé Olusegun Agagu, ọmọ Ìjú-Odò, ń mú àwọn ọmọ wá láti ibi gbogbo. Wọ́n ń wá ilé gbé, wọ́n sì ń wá ọjà rà. Ta ni yóò kọ́ ilé náà? Bí a kò bá kọ́ ọ, àlejò yóò kọ́ ọ lórí ilẹ̀ tí a ta fún un, àwọn ọmọ wa yóò sì di ayálégbé ní ìlú baba wọn.

Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá. Èkíní, ẹ má ta ilẹ̀ ẹbí. Àwọn baba wa mọ ìṣákọ́lẹ̀: àlejò ń dáko, ilẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á yá wọn ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ó sọ iye ọdún àti iye owó. Èkejì, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan pe awọnlẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti là á sílẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ìwé ni ẹjọ́ ń jẹ. Ẹ̀kẹta, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dáwó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ẹ̀rọ ìfọ́-ẹ̀kùrọ́, kí àwọn ìyá wa tí ń ta ọjà sì kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù kí a tó fún ará ibòmíràn.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé owó àjọdá a máa dá ìjà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè pé kí a máa ka ìṣirò owó náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní irú ìpàdé báyìí, ní ọdọọdún.

Iná mànàmáná ni ìṣòro wa tí ó tóbi jù. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi wà nínú òkùnkùn. A kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á ká ọwọ́ gbera títí iná yóò fi dé.

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ilé ńlá tí a ń ṣí lọ́jọ́ ìsìnkú nìkan kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó ilé náà kún owó ṣọ́ọ̀bù, kí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lè wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìkálẹ̀.