Ìrìn Inú Igbó Gẹ́gẹ́ bí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ àti Ìwà



Mo ṣe ìbà Olódùmarè. Mo ṣe ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo ṣe ìbà Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé, mo ṣe ìbà Ògún tí ó lànà nínú igbó. Ìbà ẹ̀yin àgbà awo tí ẹ jókòó níhìn-ín, ìbà ẹ̀yin ìyánífá, ìbà àwọn tí wọ́n kọ́ wa kí wọ́n tó papò dà. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí n sọ lọ́dún yìí dá lórí ìrìn inú igbó àti ohun tí ó ń ṣe fún ọmọdé àti àgbà. N kò ní lọ jìnnà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Láti ara mi ni n ó ti mú un.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí olúwo mi kọ́kọ́ mú mi lọ sùn nínú igbó. Kí ìgbà náà tó dé ni mo ti ń pọnmi fún wọn, tí mo ń gbálẹ̀, tí mo ń kọ́ ojú odù lórí ọpọ́n. Mo rò pé mo ti mọ nǹkan. A jáde kí àkùkọ tó kọ. Bàbá mú àdá, èmi ru àpò, iṣu sísun àti kèrègbè omi. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò tó mẹ́wàá. Bí wọ́n bá dúró, èmi náà á dúró. Bí wọ́n bá já ewé, èmi á na àpò. A sùn ní abà ọdẹ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní: “Ó yá, ìwọ ni kí o ṣíwájú. Mú wa délé.”

Inú mi dùn, mo ṣíwájú. Kò pẹ́ tí ọ̀nà fi dàrú mọ́ mi lójú. Mo yà sọ́tùn-ún, mo bá àbàtà pàdé. Mo yà sósì, wèrèpè kàn mí lọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Bàbá ń tẹ̀ lé mi, wọn kò wí nǹkan kan. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, tí mo bú sẹ́kún, wọ́n jókòó lórí gbòǹgbò igi kan, wọ́n bi mí pé: “Kí ni o rí nígbà tí à ń bọ̀ lánàá?” Mo ronú títí, n kò rí ohun kan tí mo lè dárúkọ. Wọ́n ní: “Ẹ̀yìn mi nìkan ni o wò. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀yìn olúwo rẹ̀ nìkan, ọjọ́ tí olúwo bá lọ ni yóò sọnù.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi hàn mí. Pèrègún mẹ́ta tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín igbó. Pèrègún kì í to ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ni ó gbìn ín, ahoro ilé àtijọ́ ni ibẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ kò sì ní jìnnà sí i. Igi akòko kan dá dúró: ó ṣeé ṣe kí ojúbọ ti wà níbẹ̀ rí. Ilẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀: odò kò jìnnà, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé odò yóò dé ibi tí àwọn èèyàn gbé ń pọnmi. Kí alẹ́ tó lẹ́ tán, a ti dé ilé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun mẹ́ta ni igbó kọ́ mi lọ́jọ́ náà. Èkíní ni ìwòye. Nínú ilé, a lè gbé ọdún kan láì wo nǹkan kan dáadáa. Nínú igbó, ẹni tí kò wòye kò ní délé. Èkejì ni ìtẹríba. Igbó kò mọ ọmọ olóyè, kò mọ ẹni tí ó mọ odù sórí. Ẹ̀kẹta ni bí a ti ń gbé ìbẹ̀rù. Bàbá kò mú ìbẹ̀rù mi kúrò. Wọ́n jẹ́ kí n rìn pẹ̀lú rẹ̀ títí mo fi rí i pé kò lè pa mí. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni ẹni tí kò rìn jìnnà kò ní rí; kò ní rí ara rẹ̀ náà.

Àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú ti rí òtítọ́ yìí. Ní ọdún 1941, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, Kurt Hahn, olùkọ́ ọmọ Jámánì kan tí ó sá fún ìjọba Hitler, àti Lawrence Holt, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdyfi ní ilẹ̀ Wales. Holt ti kíyè sí i pé bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ara wọn le máa ń kú ṣáájú àwọn àgbà. Kì í ṣe agbára ni wọn kò ní. Ìrírí àti ìfọkàntán ara ẹni ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí orí òkun àti orí òkè. Ní Nàìjíríà wa náà, ìjọba ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Òkè Shere nítòsí Jos. Ohun tí àwọn yìí dá sílẹ̀ nítorí ogun, a ti bá a nílé àwọn baba wa. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí a bá jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ó sì ti ń bọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi pé kí ó lọ já òdúndún wá. Ọmọ yìí lè ki Ifá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Abàmọdá ni ó já wá. Orí fóònù ni ó ti wo àwòrán ewé náà. Lóòótọ́ àwọn méjèèjì jọra: ewé wọn nípọn, omi sì kún inú wọn. Ṣùgbọ́n bí ewé abàmọdá bá bọ́ sílẹ̀, ọmọ á hù yí etí rẹ̀ ká. Ti òdúndún kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bá a wí, ọ̀rọ̀ sì há mi lọ́nà ọ̀fun. Ta ni ó mú un dé ibi tí òdúndún gbé ń hù? Ó ti tó ọdún 10 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nínú pálọ̀, tí mo ń ra ewé lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ náà.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo kó wọn wọ igbó fún ọjọ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìfowópamọ́, ó ti lé ní ẹni 50 ọdún, kò sì tíì pẹ́ tí ó tẹ Ifá. Nígbà tí a dé ibi igi tí wọ́n fi dá afárá sórí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ ọdún 14 kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní: “Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín síbí, sà.” Ó gbé e síbẹ̀, ó kọjá. Lálẹ́, ó sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ibi tí òun yóò gbé ẹsẹ̀ sí fún òun. Ọmọ tí ó já abàmọdá náà rí òdúndún létí odò kan. Kò já a. Ó kọ́kọ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Inú mi dùn sí èyí ju bí ó bá ti já apẹ̀rẹ̀ kan lọ.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ọ̀sanyìn, tí Ọ̀rúnmìlà rán lọ ro oko tí kò ro nǹkan kan, nítorí pé gbogbo ewé tí ó rí ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ni kò jẹ́ kí àdá rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí kò mọ ewé ni í pe gbogbo rẹ̀ ní pàǹtí. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà bá igbó àjèjì níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ewé Ọ̀sanyìn kiri inú rẹ̀. Nígbà tí Lydia Cabrera kọ ìwé nípa ẹ̀sìn wọn ní Havana ní ọdún 1954, El Monte ni ó sọ ọ́, èyí tí í ṣe igbó. Nílé níbí, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005, kò ju hẹ́kítà 75 lọ. Bí àwọn ọmọ wa kò bá rin igbó tí ó kù, ta ni yóò bá ẹni tí ó fẹ́ gé e jà?

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ajínigbé wà nínú igbó lónìí; ejò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ tafà. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ṣe é létòlétò. Kí ẹnikẹ́ni má dá wọ igbó. Kí a bẹ àwọn ọdẹ ìlú kí wọ́n ṣíwájú wa, kí a sì fi tó Amọ̀tẹ́kùn létí kí a tó gbéra. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ kí a tó sùn síta. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó ní omi àti fèrè. Kí a kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ nílé. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí àgbà awo kankan má sọ pé kí a dúró ná. Kí àwọn ọmọbìnrin wa náà lọ. Kí àgbà sì lọ pẹ̀lú, nítorí igbó kì í ṣe ti ọmọdé nìkan.

Olúwo mi ti papò dà. Bí mo bá wọ igbó lónìí, n kò rí ẹ̀yìn wọn níwájú mi mọ́, ṣùgbọ́n mo ń rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa tiwa.

Ọ̀nà kò ní dí mọ́ wa. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.