Kí A Tó Ra Mọ́tò Àlòkù

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkàrẹ́

 

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò àlòkù, mo sì mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló pè. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ra mọ́tò, èmi ni ẹ máa ń mú lọ wò ó. Èmi kì í ṣe mẹ́káníìkì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti rí ìyókù. Ṣùgbọ́n mo ti ra mọ́tò àlòkù mẹ́ta láyé mi, ìkejì nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìdílé mi run. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn bàbá wa, n óò padà wá sórí tèmi.

Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Owó Údojì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú yìí rántí Ìjàpá dáadáa, Volkswagen kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kò ní rẹ́díétọ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, nítorí náà kò sí omi tí yóò gbẹ mọ́ ọn nínú lórí òkè. Peugeot 504 ní tirẹ̀ ga nílẹ̀, ó sì lè gbé ẹrù. Èyí tó gùn lẹ́yìn kò mọ̀ pé ènìyàn pọ̀. Ilẹ̀ Faransé dá ṣíṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 dúró ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ṣì ń tò ó fún ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Kí ló mú kí mọ́tò méjèèjì yìí pẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa? Kì í ṣe pé irin wọn kì í bàjẹ́. Wọ́n ń bàjẹ́ bí gbogbo mọ́tò. Ohun tó gbà wọ́n ni pé ọmọ tó ti lo ọdún méjì lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì mọ̀ wọ́n tú, ó sì mọ̀ wọ́n tò padà. Ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà. Bí káńbúrétọ̀ bá dí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní Ìsúà, kò ní í fà á dé Ìbàdàn kó tó rí ẹni fọ̀ ọ́.

Ní 1986, ìjọba jẹ́ kí náírà bọ́ sọ́wọ́ ọjà, owó mọ́tò tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ìgbà náà ni a wá mọ tòkúnbọ̀ dunjú. Lónìí, Toyota ló jókòó sí àyè 504, ìdí kan náà ló sì gbé e débẹ̀: ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n pọ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro í rí. Nítorí náà, kí o tó wo bí ara mọ́tò ṣe ń dán, kọ́kọ́ lọ bi mẹ́káníìkì ní Ìkàrẹ́ pé, “Irú èyí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tún ṣe?” Bi àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò bóyá wọ́n ní pádì bíréèkì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan (n ò ní í dárúkọ rẹ̀, ó ń wò mí lójú) ra ọkọ̀ kan tó rẹwà, inú rẹ̀ tutù bí inú yàrá olówó. Nígbà tí iná pupa tàn níwájú rẹ̀, a kò rí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin ni adìyẹ fi ń yé sí abẹ́ mọ́tò náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Iyekíye tí ẹgbẹ́ bá yá ọ, pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá méjì ni kí o fi ra mọ́tò. Ìdá kẹta, má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fún ọ mọ̀ pé ó wà. Owó bíréèkì ni, owó táyà ni, owó omi àti ọ́ìlì. Kò sí ẹni tó ń ta mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun pààrọ̀ wọn, bi í ní rìsíìtì.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní 2011, mo ra Corolla kan tí ẹlòmíràn ti lò ní Nàìjíríà níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi ni mo kó lé e. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó díẹ̀ tún wọlé, mo fi kun mọ́tò, mo fi ra rédíò. Mẹ́káníìkì mi ti sọ fún mi pé pádì bíréèkì iwájú ń tán lọ. Mo ní kó di ìparí oṣù. Ìparí oṣù méjì kọjá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan fò láti náírà 65 sí 141. Ẹ rántí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù náà, tó fi di pé wọ́n dá a padà sí 97. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn ni èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa méjì àti ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́. Epo inú mọ́tò kò pọ̀. Bí a ti dé ibi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà Àkùngbá, mo ṣe ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ ọ́ kúrò nínú jíà, mo ní kí òkè máa gbé wa lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àfi bí ẹni pé orí àpáta ni mo fi ẹsẹ̀ lé. Ìdarí mọ́tò wúwo lọ́wọ́ mi bí ọlọ. Irin ń ha irin níwájú, ìyá ìyàwó mi ń pe orí bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ akérò kan ń gòkè bọ̀. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo sì kọ orí mọ́tò sí ògiri erùpẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Kò sí ẹni tó kú. Apá ọmọ mi ọkùnrin kán ní ìgúnpá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ó ti di géńdé báyìí, apá náà kò sì nà tán títí di òní. Epo tí mo ń fi pamọ́ lórí òkè yẹn kò tó ìdajì lítà.

Ilé ìwòsàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ wa nìkan kọ́ ló ń dá mọ́tò dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa atẹ́gùn, fífà yẹn ló sì ń bá ẹsẹ̀ wa ti bíréèkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, èyí tó kù nínú ìkòkò irin tó wà lẹ́yìn bíréèkì kò ju ti ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, agbára ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló kù. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Mọ́tò tí kò lo káńbúrétọ̀ mọ́, bí o bá fi í sínú jíà tí o sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná lórí ìsọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá epo dúró. Ẹ́ńjìnnì yóò sì máa bá ọ fa mọ́tò náà sẹ́yìn. Jíà tí o fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀tọ́mátíìkì, lẹ́tà L àti nọ́ńbà 2 tó wà níbi jíà yín kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ epo, àṣà yìí ti padà wá. Mo ń rí i lórí òkè Ọ̀kà. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ṣe é, nítorí mo mọ nọ́ńbà mọ́tò yín.

Ẹ má fi ọ́ìlì bíréèkì ṣeré. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí bíréèkì bá gbóná lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, omi yẹn á hó, á di ooru, bíréèkì á sì rì lọ sílẹ̀ pátápátá láìdá nǹkan kan dúró. Bí ọdún méjì bá pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á dànù, kí wọ́n rọ tuntun. Mo ti rí ẹni tó bu omi ọṣẹ sí i. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n wà níwájú rẹ̀ lọ́nà.

Táyà náà ńkọ́? Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú ihò róbótó kan. Bí ó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ lè ní eyín dáadáa kó ti gbó tán nínú. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó sanwó fún fọ́kánísà. Òṣìṣẹ́ tó lè ka ìwé owó oṣù rẹ̀ lè ka ara táyà.

Ti omi: òkè Ọ̀kà máa ń dán rẹ́díétọ̀ wò. Bí mọ́tò bá ń gbóná, ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Gbígbóná náà lè dínkù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní í gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́, epo tó ń jẹ á pọ̀ sí i, rẹ́díétọ̀ tó dí á sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Wá ohun tó ń fa ooru náà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ mọ ìyẹn: ẹ máa wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀, kí ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò bí ẹ bá ti wà á kúrò. Nílé mi, ìyàwó mi ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ó ń jò, nítorí òun ló ń gbálẹ̀.

Ìwé ìbánigbófò ẹnìkẹta di 15,000 náírà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ẹ gbà á níbi tí ojúlówó wà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò ní í tún mọ́tò tiyín ṣe.

Ẹ̀yin awakọ̀ iléeṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa onímọ́tò lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ ńlá kan já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ní Àkùngbá, ó ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù níwájú fásitì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dára, ẹni yòówù kó fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ kọ àlébù náà sínú ìwé, ẹ mú ẹ̀dà kan wá fún mi. Bí ọ̀gá bá ní òun yóò lé yín nítorí ẹ kọ̀ láti wà á, ẹjọ́ ẹgbẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ yín nìkan.

Àbá tí mo ní fún ìgbìmọ̀ ni pé, kí a má máa san gbogbo owó ìyáwó mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Kí a san ìdá méjì nígbà rírà, kí ìdá kẹta wà lọ́wọ́ akápò títí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi mú rìsíìtì bíréèkì àti táyà wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú. Ẹ jẹ́ kí a jiyàn lé e lórí lónìí kí a tó túká.

Ẹni tó bá sì ní mọ́tò tó fẹ́ kí n bá òun wò lọ́sẹ̀ yìí, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Ṣùgbọ́n kó má tíì sanwó o.