Èbù Kì Í Ṣe Jíjẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Òwò



Gbogbo wa ni a mọ ìsọ̀ kan tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ nígbà ayé ẹni tí ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa kí ọdún òkú rẹ̀ tó pé. Àwọn ènìyàn a ní ayé ni ó ṣe é. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá wo ọ̀ràn náà fínnífínní, a ó rí i pé owó òwò ni a ti jẹ tán.

Àgbẹ̀ mọ òfin yìí. Bí ó bá wa iṣu tán, a ya èbù sọ́tọ̀. Bí àlejò tilẹ̀ dé, kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí ó se èbù jẹ ti se ọdún tí ń bọ̀ jẹ. Owó tí a fi ń rajà ni èbù. Èrè ni iṣu jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí obìnrin kan bá ra aṣọ ní ₦100,000, tí ó tà á ní ₦120,000, tí owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ àti owó alágbàrù sì jẹ́ ₦12,000, èrè rẹ̀ kò ju ₦8,000 lọ. Bí ó bá yọ ₦15,000 nínú rẹ̀ fi ra aṣọ ẹbí, ó ti jẹ ₦7,000 nínú èbù, kò sì mọ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ìkíní, kí a ní àpò méjì, ti òwò àti ti ilé. Kí olówò máa gba iye kan pàtó lóṣooṣù bí ẹni tí a gbà síṣẹ́. Láti inú rẹ̀ ni kí ìnáwó òkú, oyè àti ìkómọ ti máa jáde.

Ìkejì ni àwìn. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú ní ọ̀rúndún 20, tajà láwìn. Ṣùgbọ́n wọ́n dájọ́, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí wọn ó fi gbowó. Níbẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ lóṣòó. A ní kí a kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ sílẹ̀ kí ọjà tó kúrò lórí àtẹ, kí ẹni tí kò tí ì san ti àná má sì gba ti òní. Bí ìbátan bá ṣe aláìní, kí a ta á lọ́rẹ láti inú àpò ilé, kí a má pè é ní àwìn.

Ìkẹta ni ìwé. Ẹni tí ó fi orí ṣe ìwé, bí ó bá kú, àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó a dákẹ́, àwọn tí òun jẹ lówó a pariwo. Kí a máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, kí ọmọ tàbí akọ̀wé mìíràn sì lè kà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣà òyìnbó ni èyí, kí ó rántí èsúsú, tí Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Olúkúlùkù ń dá iye kan náà ní ọjọ́ tí a dá, wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó gbé e ró ni pé iye àti ọjọ́ kì í yẹ̀ nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Ti wa ni ìlànà yìí.

Ẹ̀yin Ìjòyè, ọwọ́ yín ni èyí tí ó ṣòro jù wà. Ìnáwó tí ẹ bá ṣe ni ará ìlú ń wò ṣe tiwọn. Bí ẹ bá ṣe òkú níwọ̀n, kò sí ẹni tí yóò pe oníṣòwò ní ahun nígbà tí òun náà bá ṣe é níwọ̀n. Ìlú tí àwọn ọmọ bá bá òwò baba wọn láàyè ni yóò ní agbára láti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìwé ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa.